Ọpẹ́ Àná Lẹ́nu Oníkọ́ Ife

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín ní ọsibítù pé ikọ́ ife ló ń bá yín jà, tí ẹ ti délé, tí ẹ ti ti ilẹ̀kùn, tí ẹ ò mọ ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ẹ̀yin gan-an ni mò ń kọ èyí sí. Èmi náà jókòó sórí irú ibùsùn bẹ́ẹ̀ rí. N kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe pásítọ̀. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nílùú Ilé-Ifẹ̀. Opó ni mí, ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa ọkọ mi, mo sì ní ọmọ kan ṣoṣo, Mosúnmọ́lá, tí gbogbo wa ń pè ní Mosún. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé nígbà tí tèmi dé, n kò rí ẹnì kan tó ti la irú rẹ̀ kọjá tó lè bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn tó là á já kì í sọ. Ojú ń tì wọ́n.

Ṣọ́ọ̀kì ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Kò sí tíṣà tí kì í wúkọ́. Bí a bá nu pátákó tán lọ́sàn-án, eruku rẹ̀ á gba inú kíláàsì kan, oníkálukú á wúkọ́ tirẹ̀, a ó sì máa fi ara wa ṣẹ̀fẹ̀ pé owó oṣù tí ìjọba ò tíì san ló há wa lọ́fun. Nígbà tí ikọ́ tèmi bẹ̀rẹ̀ nígbà ọyẹ́, n kò kà á sí. Ọyẹ́ lọ, òjò rọ̀, ikọ́ ò lọ. Mo jẹ orógbó, mo lá oyin, mo mu oògùn ikọ́ dúdú tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì títí ó fi sú mi. Ní ìdájí, màá ti làágùn débi pé aṣọ ìsùn mi á rin gbingbin bí ẹni pé òjò pa mí lórí ibùsùn. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú lára mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní mo ń padà di ọmọge. Inú mi tilẹ̀ dùn sí i, ẹ má parọ́ fún mi pé inú tiyín ò ní í dùn.

Lọ́jọ́ kan mo ń kọ ìṣirò sójú pátákó fún àwọn ọmọ ìwé kẹrin. Ikọ́ náà gbé mi, mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí mo wo ọwọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ti ta sára eruku ṣọ́ọ̀kì tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn, mo ní kí àwọn ọmọ máa ṣe iṣẹ́ wọn lọ, mo sì dúró bẹ́ẹ̀ títí aago fi lù. Nítorí náà, bí ikọ́ yín bá ti ń pẹ́ jù, ẹ má dá ṣọ́ọ̀kì lẹ́bi, ẹ má dá ọyẹ́ lẹ́bi, ẹ lọ sí ọsibítù.

Mo rò pé mo tètè dé ọsibítù lọ́jọ́ tí mo lọ, àfi bí mo ṣe bá bàtà lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn tó ti abúlé wá ni wọ́n fi bàtà gba ipò, tí àwọn fúnra wọn ti wá ẹ̀kọ gbígbóná lọ. Bí èèyàn bá ti fẹ́ jókòó, ẹnì kan á pariwo láti òkèèrè pé, "Ẹ má jókòó lé mi lórí o." Nígbà tí wọ́n gbọ́ ikọ́ mi, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. A ò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń kọjá máa ń di imú, àwọn ọmọlúàbí inú wọn á sì ṣe bí ẹni tí imú ń yún. Wọ́n fún mi ní ike kékeré pé kí n tutọ́ àárọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n ní kí n lọ kí n bọ̀, kí n tún lọ kí n tún bọ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Nọ́ọ̀sì. Òun ló sọ ọ́ fún mi. Kò fi dúdú pe funfun.

"Tíṣà, ikọ́ ife ni. Ó ní oògùn. Oṣù mẹ́jọ lẹ máa fi lò ó, ẹ ò sì gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan."

Mo ní ṣé mi ò ní í kú.

"Ẹ ò ní í kú bí ẹ bá gbọ́ tèmi. Ẹ wò ó, kò ní í pẹ́ tí ara yín á fi yá. Ẹ máa sanra, ikọ́ á dáwọ́ dúró, ẹ máa rò pé ó ti tán. Kò tíì tán nígbà yẹn. Ó sùn ni. Bí ẹ bá fi oògùn sílẹ̀, tó bá tún jí, oògùn yìí lè má ràn án mọ́."

Àárọ̀ àárọ̀ ni mo ń lọ gba abẹ́rẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, títí n kò fi lè jókòó dáadáa. Oògùn oníhóró kún ọwọ́. Ó sọ ìtọ̀ mi di pupa bí epo. Ìyá Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀, síbẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo di ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mú, mo ní ó ti parí.

Kò pẹ́ tí àwọn ẹbí fi dé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀dá Délé, wá láti Iléṣà. Wọ́n ní, "Fọlákẹ́, ikọ́ ife? Ta ló ní irú ẹ̀ rí nílé wa? Wọ́n fi nǹkan ṣe ọ́ ni." Wọ́n ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ tí yóò sín gbẹ́rẹ́ fún mi láyà, tí ohun tí wọ́n fi ṣe mí yóò sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lo ti ọsibítù tán ná. Wọ́n ní bí mo bá lò ó tán, ta ni wọ́n á wá sín gbẹ́rẹ́ fún? Wọ́n bínú lọ. Ìyá ọkọ mi, tí èmi ń pè ní Màmá, gbé àgbo wá láti Ìpetumodù nínú ìgò ńláńlá, wọ́n sì gbé omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí wá pẹ̀lú. Ìyá Nọ́ọ̀sì ti ní kí n má po nǹkan mọ́ oògùn. Mo gbé àgbo náà sí igun yàrá, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bí ẹni pé mò ń mu ún. Omi àdúrà ni mo mu. Omi ni.

Màmá ò wá nítorí àgbo nìkan. Mosún ni wọ́n wá mú. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù, ikọ́ náà ò sí lára rẹ̀, Ìyá Nọ́ọ̀sì sì ní yóò dára bí kò bá sùn tì mí fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ títí oògùn yóò fi wọ̀ mí lára. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bí Màmá ti ń di ẹrù rẹ̀ ni mo rí i tí wọ́n ki aṣọ Kérésìmesì rẹ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ Kérésìmesì ṣì jìnnà réré.

"Màmá, kí ni Mosún fẹ́ fi aṣọ ọdún ṣe fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀?"

"Ìyá Mosún, jẹ́ ká fi gbogbo ẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì fa síìpù báàgì náà.

N kò lè gbá ọmọ mi mọ́ra. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo juwọ́, òun náà juwọ́ bí ẹni tó ń lọ sí ìsinmi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ikú ni mò ń bá jà mọ́. Nítorí ọjọ́ tí Mosún yóò padà wá ni mo ṣe ń jà.

Ilé olójúlé mẹ́wàá ni mò ń gbé ní Òkè-Ogbó, a jọ ń lo kànga kan àti ilé ìdáná kan. Ìròyìn ti dé ibẹ̀ kí n tó délé. Wọ́n rọra ní kí n má fi korobá gbogboògbò fa omi mọ́. Ẹnì kan fi ọ̀dà pupa sàmì sí ife tí mo fi ń mu omi, mi ò mọ ẹni náà títí dòní. Ilé ìwé ní kí n lọ sinmi. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ wa, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí ipò mi, bí mo bá sì jókòó lọ́jọ́ Ìsinmi, àga náà á gbòòrò fún èmi nìkan. Pásítọ̀ wá gbàdúrà fún mi, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ sí mi láti ibẹ̀. Èmi náà mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ èmi ni, bóyá n kò ní í dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Èèyàn lè wà láàárín èrò ilé olójúlé mẹ́wàá, kó máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ ẹ̀bà lára ìkòkò, kó má sì sí ẹni tí yóò pe orúkọ rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Mo máa ń pe orúkọ ara mi nígbà míràn kí n lè gbọ́ ọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá mi ṣe nǹkan. Ìyá Sikírá, Mùsùlùmí, yàrá wọn kọjú sí tèmi. Bí wọ́n bá kírun àárọ̀ tán, wọ́n á fa omi kún korobá kan, wọ́n á gbé e síwájú ilẹ̀kùn mi, wọ́n á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì yára wọlé. Ẹ̀rù ń ba àwọn náà. Wọ́n ń bẹ̀rù, wọ́n sì ń pọnmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ò gbà kí a pàdé ẹni tó ṣe wá lóore lánàá ká má sọ pé, "Ẹ ṣé àná." Ì báà ṣe iṣu kan, ì báà ṣe ìṣáná. Bí a bá gbàgbé, wọ́n á dá wa padà sílé onítọ̀hún. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ìgbà tí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, n kò ṣàwárí ohun tuntun kankan.

Ní òwúrọ̀ kan, mo jí, mo sì rí i pé lánàá kò sí ẹni tó fún mi ní nǹkan kan àyàfi omi yẹn. Mo ṣílẹ̀kùn, mo ní, "Ìyá Sikírá, ẹ ṣé àná o." Wọ́n dáhùn láti inú yàrá bí a ṣe ń dáhùn, wọ́n ní, "Kò tọ́pẹ́." Wọn ò jáde. Mo padà sórí ibùsùn. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu mi, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún. Inú bí mi. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ fún Ọlọ́run pẹ̀lú ìbínú pé, "Ó dáa, ẹ̀yin náà, ẹ ṣé àná." Mo wá ń ronú, kí ni Ọlọ́run ṣe lánàá gan-an? Mo rántí pé òjò rọ̀ lórí páànù lọ́sàn-án, ó pariwo débi pé n kò gbọ́ ikọ́ ara mi. Mo ní, "Ẹ ṣé òjò àná."

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má rò pé ọkàn mi fò sókè tàbí pé mo rí ìmọ́lẹ̀. N kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì mo tún kúnlẹ̀, lọ́jọ́ kẹta bẹ́ẹ̀, ó sì di òfin tí mo ṣe fún ara mi: kí n tó gbé oògùn mì, màá dúpẹ́ àná. N kò gbọdọ̀ dúpẹ́ gbogboògbò, irú èyí tí a máa ń kà sáré ní ìpàdé àdúrà, "a dúpẹ́ fún ẹ̀mí, a dúpẹ́ fún ìlera." Ẹnikẹ́ni kì í lọ sílé aládùúgbò lọ sọ pé òun dúpẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. Oúnjẹ tó jẹ ni yóò dárúkọ. Nítorí náà, nǹkan kan pàtó ni mo gbọdọ̀ mú wá, tó ṣẹlẹ̀ lánàá, tí mo fi ojú ara mi rí. Ẹ ṣé oògùn tí n kò bì. Ẹ ṣé ọmọ ìwé mi kan tó rí mi lọ́nà tó sì kí mi kí ìyá rẹ̀ tó fà á lọ́wọ́. Ẹ ṣé kẹrosíìnì tí mo rí rà láìtò pẹ́.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo kúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń ro mí tí n kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ ìbí Mosún, n kò rí i, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ wú mi lára, mo sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ọjọ́ kejì, ohun tí mo lè sọ ni pé, "Àná kò dáa. Ẹ ṣé tó ti di àná." Mo rò pé Ọlọ́run gba èyí náà.

Ọpẹ́ náà kò sọ mí di ẹni tí kò nìkan wà. N kò ní í parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n máa ṣọ́ ọjọ́. Láti òwúrọ̀ ni ojú mi ti ń wá ohun tí màá fi dúpẹ́ lọ́la, ẹni tó bá sì ń wá nǹkan báyìí kì í lè kọjú sí ògiri sùn ní gbogbo ọ̀sán.

Ohun tí Ìyá Nọ́ọ̀sì sọ ṣẹ. Nígbà tó di oṣù kẹta, ikọ́ dáwọ́ dúró. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yọ padà. Màmá ti gbọ́ ní Ìpetumodù, wọ́n sì ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, àwọn àti Mosún.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí wọ́n bá wá, ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń ṣe nínú ìjọ wa. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ọjọ́ ìdúpẹ́. Ẹni tó bá ní ọpẹ́ á jáde síwájú, á sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe, ẹbí rẹ̀ á sì jó tẹ̀lé e lọ síbi pẹpẹ. Ẹni tí wọ́n bá ti jó tẹ̀lé báyìí nítorí ìwòsàn, àìsàn rẹ̀ ti parí nìyẹn lójú gbogbo ìjọ. Kò sí ẹni tí yóò tún yà fún un lórí àga. Ṣùgbọ́n kò tún gbọdọ̀ lo oògùn rẹ̀ mọ́, nítorí àwọn ará gbà pé ẹni tó bá dúpẹ́ ìwòsàn tán tó tún ń gbé oògùn mì ti sọ ọpẹ́ rẹ̀ di irọ́. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Màmá dé ní Sátidé náà. Mosún ga sí i. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sáré lọ bá Sikírá ṣeré lágbàlá. Màmá gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ láàárín yàrá mi, báàgì kan náà, ó kún. Wọ́n jókòó, wọ́n wò mí lókè nílẹ̀.

"Ọlọ́run ti ṣe é," ni wọ́n wí. "Lọ́la a máa jó. Mosún á jó tẹ̀lé ọ, á sì máa bá ọ gbé láti ìrọ̀lẹ́ yìí. Kó àwọn oògùn yẹn fún mi kí n bá ọ dà wọ́n nù."

"Màmá, ó ku oṣù márùn-ún."

"Ṣé o ṣì ń wúkọ́ ni?"

"Rárá, mà."

"Kí lo wá ń tọ́jú? O fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí o sì di oògùn mú lẹ́yìn? Àwọn èèyàn á rí i. Wọ́n á ní o ò tíì sàn. Mi ò lè fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹni tí ò tíì sàn."

Mo mú ike oògùn náà lọ́wọ́. N kò ní í tan yín jẹ, mo ti fẹ́ gbé e fún wọn. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín Mosún láti ìta. Mo ronú sí ọ̀la: kí n jó, kí ó jó lẹ́yìn mi, kí a jọ padà sílé, kí ẹni tó fi ọ̀dà kun ife mi wá ha á kúrò. Kí ni oògùn sí ìyẹn? Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́ta, ẹnu mi ti kọ́ ohun kan. Mo gbìyànjú láti sọ ọpẹ́ ìwòsàn náà nínú mi bí mo ṣe ń sọ ti àárọ̀, kò bọ́ sí i. Ikọ́ tó dáwọ́ dúró, mo ti dúpẹ́ rẹ̀, ti àná ni. Ìwòsàn kò tíì di àná.

Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Bí ẹnì kan bá lọ sílé aládùúgbò ní àárọ̀ yìí, tó lọ sọ pé 'ẹ ṣé àná' fún oúnjẹ tí wọ́n ṣì ń sè, ṣé ọpẹ́ ló dá? Ṣebí wọ́n á ní ó ń ṣagbe ni."

Màmá ò jágbe mọ́ mi, ì bá tilẹ̀ rọ̀ mí lọ́rùn bí wọ́n bá jágbe. "Tíṣà ni ọ́," ni wọ́n wí. "Ọ̀rọ̀ ò lè wọ́n lẹ́nu ẹ." Wọ́n dìde, wọ́n gbé báàgì, wọ́n pe Mosún.

Mosún wo báàgì, ó wò mí. "Ṣé a ò sùn níbí mọ́?"

Màmá fà á lọ́wọ́, wọ́n jáde. Mo gbọ́ bàtà wọn títí dé ojú títì. Mo gbé oògùn mi mì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó korò ju ti ọjọ́ èyíkéyìí lọ. Kí n tó gbé e mì, mo dúpẹ́ pé lánàá mo rí ọmọ mi.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó ní ọpẹ́ jáde, mo jáde. Gbogbo ojú yí sí mi, wọ́n ti rí i pé mo sanra. Mo ní, "Lánàá mo fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé Sábó, mo sì padà láìjókòó sinmi. Mo dúpẹ́." Wọ́n ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, Pásítọ̀ wúkọ́ díẹ̀, àwọn akọrin sì bẹ̀rẹ̀ orin nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Mo jó lọ síbi pẹpẹ. Kò sí ẹnì kan lẹ́yìn mi. Ọ̀nà àárín ṣọ́ọ̀ṣì wa ò gùn, ṣùgbọ́n ó gùn lọ́jọ́ náà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí a jọ máa ń jókòó ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọsibítù, Gbénga, mẹkáníìkì ni, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ti dúpẹ́ ìwòsàn tirẹ̀ ní ìjọ tirẹ̀ ní nǹkan bí àkókò kan náà, n kò sì rí i lórí bẹ́ǹṣì mọ́. Mo máa ń jowú rẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n parí, mo bá a níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ gbá a mú, egungun èjìká rẹ̀ yọ síta. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣì ń bá a lọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ má dá a dúró o." Oògùn ò ràn án mọ́. N kò tún rí i lẹ́yìn ìgbà náà. Nítorí Gbénga ni mo ṣe ń kọ èyí ju nítorí ara mi lọ. Ẹ̀yin tí wọ́n fẹ́ bá jó, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró dè yín. Ọlọ́run kì í kánjú gba ọpẹ́.

Mo parí oṣù kẹjọ. Wọ́n yẹ itọ́ mi wò, wọ́n ní ó mọ́. Ìyá Nọ́ọ̀sì, tí n kò rí kó rẹ́rìn-ín rí, di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, "Ẹ kò já mi kulẹ̀." Ara mi le báyìí. Mo ti padà sí kíláàsì mi. Bí mo bá gun òkè, mo ṣì máa ń mí díẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ mi lọ, ohùn mi ò sì gun òkè orin mọ́, nítorí náà n kò padà sínú ẹgbẹ́ akọrin. Ife alámì pupa náà ni mo ṣì fi ń mu omi. Kò sí ohun tó ṣe é.

Èmi ni mo lọ sí Ìpetumodù láti lọ bá Màmá. Wọ́n wò mí pẹ́, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n bu omi fún mi. Wọ́n ní, "Mi ò ṣèkà sí ọ. Mo ti sin ọmọ mi. Mi ò fẹ́ sin ọmọ tó bí." Mo ní mo mọ̀, mà. Mo mọ̀ lóòótọ́, ó kàn jẹ́ pé ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé báàgì jáde.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo mú bọ̀ kì í ṣe ọmọ tó juwọ́ sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ àgbà ló ń pè ní Màmá. Èmi di "Màmá Ifẹ̀." Nínú ọkọ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó kó ọwọ́ lé ẹsẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mo dín ẹyin fún un pẹ̀lú iṣu, ó kúnlẹ̀ gbà á bí ọmọ àlejò, ó jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí a fẹ́ sùn, ó lọ sí eteetí ibùsùn níbi tí ara rẹ̀ ò ti ní í kan tèmi. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ pé kó má sún mọ́ mi. Mo dojú kọ ògiri kó má baà gbọ́ ẹkún mi. Mo ti rò pé ọjọ́ tí ó bá padà wá ni àdáwà mi á tán.

Ní òwúrọ̀, mo dìde bí ìṣe mi, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò sí oògùn láti gbé mì mọ́, ṣùgbọ́n n kò fi òfin mi sílẹ̀. Mo ń wá ohun tí màá mú. Mo fẹ́ sọ pé ẹ ṣé tí ọmọ mi padà wá, n kò sì sọ ọ́, nítorí kò jọ pé ó ti padà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Mosún ti jí. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó gbé ojú sílẹ̀ bí ìyá rẹ̀ àgbà ti kọ́ ọ.

"Màmá Ifẹ̀, ẹ káàárọ̀. Ẹ ṣé àná."

Mo ní, "Kí ni mo ṣe lánàá?"

"Ẹyin. Gbogbo ẹ̀ lẹ fún mi. Ẹ ò mú nínú ẹ̀."

Ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo wa. Ẹni tí wọ́n bá dúpẹ́ àná lọ́wọ́ rẹ̀ á ní kò tọ́pẹ́, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. N kò lè sọ ọ́. Láti ọjọ́ òjò yẹn ni mo ti ń wí ọ̀rọ̀ náà sókè ní àràárọ̀, n kò sì ronú rí nípa bí ó ṣe ń dún létí ẹni tí a ń sọ ọ́ fún.

Mo na ọwọ́ sí i. Ó dúró díẹ̀, ó wo ọwọ́ náà, ó sì wá.

Mo ní, "Ó tọ́pẹ́, ọmọ mi."